Ìtọ́jú Ẹni tí ó Gbé Májèlé Mì

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, tí àwọn àgbà ń pè ní epo òyìnbó, nínú ìgò tí ìyá rẹ̀ rọ ọ́ sí, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ní Kétu àti ní Ìkòsì? Epo pupa ni a ń wá, a ó dà á sí i lẹ́nu kí ó lè bì. Ìfẹ́ ni ó mú wa ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà a máa pani. Kẹrosíìnì kì í ba inú jẹ́ tó bí ó ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ọmọ bá sì ti ń bì, epo náà a tún gòkè wá, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì ṣìnà bọ́ sí ọ̀nà èémí. Nítorí ìdí èyí ni àwọn dókítà kì í fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bì. Wọn a fún un ní ọ́síjìn bí mímí bá ṣòro fún un, wọn a sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 6 ó kéré tán.

Ti oògùn apakòkòrò yàtọ̀. Ẹ mọ èyí tí a ń pè ní Sniper, tí àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fọ́n sí ẹ̀wà lọ́jà. Dichlorvos ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti ṣe ọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti 100 ml, ní ọdún 2019. Ẹni tí ó bá gbé e mì, itọ́ àti òógùn a máa ṣàn lára rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ a kéré bí orí abẹ́rẹ́, omi a sì kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ẹni tí ó ń rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ilé ìwòsàn, bí àwọn kan ti ń fa itọ́ kúrò ní ọ̀fun rẹ̀ tí wọ́n sì ń fún un ní ọ́síjìn, àwọn mìíràn a wọ ìbọ̀wọ́, wọn a bọ́ aṣọ rẹ̀, wọn a sì fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, nítorí májèlé náà ń gba awọ ara wọlé. Abẹ́rẹ́ atropine ni ó ń gbà á là. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò ṣe lemọ́lemọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú 5 sí 5, títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi gbẹ. Ohun ìyanu ni pé májèlé ni atropine fúnra rẹ̀. Ara ewéko kan tí ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù ni a ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wò ó pé ohun tí ó yẹ fún ti èkínní kò yẹ fún ti èkejì. Nítorí náà ẹ gbé ìgò náà lọ pẹ̀lú aláìsàn, ìbáà ṣófo. Nígbà tí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ mu ún, ìtìjú a máa mú kí ẹbí rẹ̀ pa á mọ́. Wọn a ní ibà ni, dókítà a sì máa wo ibà nígbà tí májèlé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti Kétu dé ilé ìwòsàn gbogboogbò ti Gbàgádà kò jìnnà bí ọ̀nà kò bá dí. Bí ara rẹ̀ bá sì ti fúyẹ́, ẹ má ṣe kánjú gbé e relé: láàárín ọjọ́ 1 sí 4, ọrùn rẹ̀ lè tún rọ̀, iṣan tí a fi ń mí a sì rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò sì máa bá a mí.