Oore-ọ̀fẹ́ tí kò dé ilé ìdáná, ẹnu lásán ni

Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú. Ẹ máa gbọ́ pé físà ti jáde, mọ́tò tuntun ti dé, wọ́n ti ra ilẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́. Gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, a ó pariwo "Halleluyah!" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni kò fẹ́ físà? Àmọ́ láti kékeré tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì rí ẹni tó gba makirofóònù kó ní: "Ẹ bá mi yin Olúwa, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu tó fẹ́ sọ sí mi, ó sì gbé e mì." Mi ò sì tíì gbọ́ kí bàbá kan ní: "Ọmọ mi fọ́ fóònù mi, mi ò pariwo lé e lórí."

A ò ka irú ìyẹn sí ẹ̀rí rárá. Èmi sì gbà pé níbẹ̀ gan-an la ti lè rí ìfẹ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́, tí ojú wa bá là sí i.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: oore-ọ̀fẹ́. Oore tí wọ́n ṣe fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó ṣe é ò ní wá sin owó ẹ̀ lọ́la. Ó ju ènì lọ. Ènì, èèyàn ti ra ọjà kí ìyá ọlọ́jà tó fi díẹ̀ kún un. Ọ̀fẹ́, a ò ra nǹkan kan, a ò mú owó dání, síbẹ̀ wọ́n di ẹrù fún wa.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tètè mú ìwé Róòmù jáde, ní ọdún 1850. Ìwé yẹn kún fún ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́. Àmọ́ kó tó mú un jáde, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé tiẹ̀. Ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó o ní Ọ̀ṣoògùn, ọmọdé ló jẹ́ nígbà yẹn. Ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ló tún fojú kan ìyá ẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tó ti sọnù ti di àlùfáà, ó ti láya, ó ti bímọ. Nígbà tó di 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ọkùnrin tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá oore Ọlọ́run mu, òun fúnra ẹ̀ ti rí ìyá ẹ̀ gbà padà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí iye tí èèyàn lè san láti fi ra irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ọ̀pọ̀ wa ò ní tóbi tó ìyẹn. Tiwa kékeré ni, ó sì máa ń yọ́ wọlé lọ́jọ́ tẹ́nì kankan ò retí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan pàdánù iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Owó ilé ti fẹ́ pé, lándílọ́ọ̀dù ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìyàwó ẹ̀ ń dá àjọ lọ́jà, ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ fowó yẹn ṣe: ó fẹ́ ra fírísà tí á máa fi ta ẹja. Nígbà tí àjọ kàn án, ó kó owó náà sínú àpòòwé, ó gbé e fún ọkọ ẹ̀ lálẹ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa fún lándílọ́ọ̀dù láàárọ̀." Òun fúnra ẹ̀ ì bá lọ san án, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Ó fẹ́ kó jẹ́ ọkọ òun ni lándílọ́ọ̀dù máa rí.

Kò sọ fún ìyá wa, kò sọ fún ìyá tiẹ̀, kò gbé e sórí status WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi ló ròyìn ẹ̀ fún mi lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, nígbà tó ti ríṣẹ́ míì. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu jù ni pé, bó ti wù kí ìjà àwọn le tó látìgbà náà, ìyàwó òun ò fi owó ilé yẹn bú òun rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, ó kọ̀, kò sọ ọ́.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé nípa ìfẹ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó ka èyí mọ́ ara ohun tí wọ́n fi ń dá ìfẹ́ mọ̀: kì í kọ gbèsè ohun tí wọ́n ṣe sí i sílẹ̀. Àwa ńkọ́? Tiwa wà nínú fóònù. A ní screenshot ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a mọ ọjọ́, a mọ aago. Nígbà tí ìjà bá dé, a ó kó ẹ̀rí jáde bíi lọ́yà.

Ẹ má bínú pé mo dárúkọ lọ́yà, òfin ni mo kà ní yunifásítì. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ẹ ṣí Matrimonial Causes Act ti 1970, òfin tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ fún àwọn tó ṣègbéyàwó alárédè, ohun tó wà níbẹ̀ máa yà yín lẹ́nu. Abala 30 ní tí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, èèyàn ò kàn lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá láì kọ́kọ́ gbàṣẹ kóòtù. Abala 11 ní kí adájọ́ máa wò ó bóyá tọkọtaya náà ṣì lè parí ìjà, ó sì lè sún ẹjọ́ síwájú kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀. Abala 26 wá ní, ní kúkúrú, tí ẹni tó pẹjọ́ bá ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà ji ẹnì kejì, kò tún lè fi ẹ̀ṣẹ̀ kan náà tú ìgbéyàwó ká.

Ìyẹn ni pé òfin pàápàá mọ̀ pé ìdáríjì wà. Ibi tí agbára ẹ̀ mọ ni pé kò lè bá wa ṣe é. Kóòtù lè pàṣẹ pé kí bàbá máa san owó ìtọ́jú ọmọ. Kò lè pàṣẹ pé kó rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ibi tí òfin dúró sí yẹn ni ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Wọ́n á gbé e lọ bá obìnrin tí ojú ẹ̀ wú, wọ́n á ní kó ní oore-ọ̀fẹ́, kó fara dà á, kó máa gbàdúrà. Rárá o. Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tí gbogbo wa fi orin "Ekwueme" mọ̀, kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá dájọ́ ikú fún ọkọ ẹ̀ lórí ikú náà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n pe ara wọn, inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọ orúkọ obìnrin yẹn.

Ẹni tó ń lu ẹnì kejì ẹ̀ ń ṣẹ̀ sí òfin. Òfin VAPP tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Èkó ti ní òfin tiẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé láti 2007. Ẹni tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ẹ̀mí ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èèyàn lè dárí ji ẹni tó lù ú láti ọ̀nà jíjìn, Ọlọ́run á gbọ́. Pásítọ̀ tó bá sì ní kó padà sílé lọ gba ìlù míì, ẹ bi í léèrè pé ṣé ọmọ tiẹ̀ náà ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Bá a ṣe máa mọ ìyàtọ̀ ò le. Oore-ọ̀fẹ́ inú ilé máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀. Nígbà tá a wà ní kékeré, tí àwọn òbí mi bá jà, ìyá mi ò ní bá bàbá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ oúnjẹ wọn á wà nínú kúlà lórí tábìlì. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Àwọn ni mò ń bá jà, n ò bá ikùn wọn jà." Ní ìdájí, kí aago àdúrà ìdílé tó lù, bàbá mi náà á ti gbé omi kaná, wọ́n á sì gbé korobá dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ fún ìyá mi. Wọn ò tíì parí ìjà o! Àmọ́ kò sí ẹni tó ń dá ṣe oore fún ẹnì kejì nínú ilé yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dárí jì, tó ń fara dà á, tó ń gbé e mì lójoojúmọ́, a ti sọ onítọ̀hún dẹrú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. A ti ya wèrè lórí orúkọ ní ìran yìí: Oore-ọ̀fẹ́, Ìfẹ́olúwa, Àánúolúwapọ̀. Orúkọ tó dùn ni wọ́n. Láàárọ̀, a ó pe ọmọ ní Oore-ọ̀fẹ́ níbi àdúrà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tó gba 4 nínú 10 nínú ìṣirò, a ó pè é ní olódo. Kí ni ọmọ yẹn fẹ́ gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run? Bàbá àkọ́kọ́ tí ọmọ mọ̀ ni èyí tó wà nílé, òun ni á sì fi máa wo Bàbá ti ọ̀run. Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá tó wà nínú ìwé Lúùkù, ọmọ ti há àlàyé sórí, ó ti mọ bó ṣe máa bẹ̀bẹ̀. Bàbá ò jẹ́ kó sọ ọ́ parí tó fi ní kí wọ́n mú aṣọ wá. Àwọn baba wa náà ní tá a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi ti òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé ń lo ọ̀tún dáadáa. Òsì ló ti rọ.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ó ń bá wa kọrin níbi àdúrà àárọ̀, òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ jí. Àmọ́ ife tiẹ̀ yàtọ̀, ẹran tiẹ̀ yàtọ̀, tó bá fọ́ àwo, a ó yọ ọ́ nínú owó oṣù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá oore-ọ̀fẹ́ wà nínú ilé kan, ẹ má béèrè lọ́wọ́ olórí ilé. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni kẹ́ ẹ bi.

Mo mọ̀ pé ilé àwọn míì nínú yín ò sí lójú kan mọ́. Ní oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó ń gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà má kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nítorí náà, àwọn ìdílé kan wà tí ìyá wà ní Manchester, tí bàbá àtọmọ wà ní Agége, orí fídíò ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Ìyá ti ṣiṣẹ́ òru, oorun ń kùn ún, ọmọ ṣì ń ka ìwé fún un láti inú fóònù, kò sì pa fóònù náà. Bàbá ń di irun ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó ń dì í gbágungbàgun. Ẹ má fojú kéré ẹ̀. Iṣẹ́ ìsìn ni.

Ẹ máa jẹ́rìí físà yín lọ jàre, a ó bá yín jó. Àmọ́ kí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tó dé, ẹ wá ẹnì kan nínú ilé yín tó jẹ yín ní gbèsè: ọ̀rọ̀ tó sọ, owó tó ná, ohun tó gbàgbé. Tí kì í bá ṣe gbèsè tó ń fi ẹ̀mí yín wewu, ẹ fà á ya. Ẹ má kéde ẹ̀, ẹ má sì rán onítọ̀hún létí lọ́jọ́ tí inú bá bí yín. Ẹ̀rí ni, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.