Iná Ìdarí: Òun Kò Dún, Òun Ló Ń Mú Synthesizer Kọrin

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi synthesizer análọ́ọ̀gì ṣeré, wáyà ni yóò kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu: aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí wọ́n ti inú ihò kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹ ó béèrè pé kí ni wọ́n ń gbé kiri. Àwọn kan ń gbé ìró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé ìró kankan. Iná ìdarí ni wọ́n ń gbé. Iná yìí ni mo fẹ́ là yé yín, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń tún un ṣe kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń lu dùndún. Kọ̀ǹgọ́ tó ba awọ ló ń mú ìró jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fún ọsán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ga tó. Ẹ fún un mọ́ra, ohùn á ròkè. Ẹ dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nínú synthesizer, oscillator ni ẹ̀rọ tó ń mú ìró jáde, iná ìdarí sì ni ọwọ́ tó ń fún ọsán rẹ̀. Bí iná náà bá lágbára sí i, ohùn á ròkè. Bó bá dín kù, á relẹ̀. Iná yìí kan náà lè ṣí asẹ́ tó ń mú kí ìró mú tàbí kó rọ̀, ó sì lè mú ìró náà pariwo tàbí kó mú un dákẹ́.

Robert Moog, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Trumansburg ní ìpínlẹ̀ New York, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀rọ báyìí ní 1964. Ìwọ̀n tó lò ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé títí dòní: fólítì 1 fún dò kan sí dò òkè rẹ̀. Bí oscillator bá ń gbọ̀n nígbà 220 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ fi fólítì 1 kún iná ìdarí rẹ̀, yóò máa gbọ̀n nígbà 440. Ẹ tún fi 1 kún un, ó di 880. Láàárín dò méjì, ìgbésẹ̀ kéékèèké 12 ló wà, irú èyí tó wà láti mì sí fà. Ìgbésẹ̀ kan kò wá ju ìdá kan nínú 12 fólítì lọ. Ẹ fi iye kékeré yìí sọ́kàn.

Ká ní ẹ fẹ́ kí ohùn máa gbọ̀n rìrì, bí àwọn olórin ṣe ń ṣe ní ìparí ìlà orin. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní LFO wà fún èyí. Iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó ń ti fólítì 5 nísàlẹ̀ òdo dé fólítì 5 lókè òdo. Bí ẹ bá ki wáyà rẹ̀ bọ oscillator tààrà, ohùn á fò kọjá dò márùn-ún sókè, á já kọjá márùn-ún sísàlẹ̀. Ariwo lásán nìyẹn. Attenuator ló ń gbani níbẹ̀: nọ́ọ̀bù kan péré ni, tó ń dín iná kù. Kí ohùn má baà kọjá ìgbésẹ̀ kékeré kan sókè àti kan sísàlẹ̀, ìdá kan nínú 60 iná náà ni ẹ máa jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀bù yìí kì í fi í jìnnà sí òdo nígbà tí ẹ bá ń wá ohùn tó ń gbọ̀n.

Ẹ lè béèrè pé, bí iná kò bá pọ̀ jù ńkọ́, àmọ́ tí kò sí níbi tó yẹ? Àwọn ihò kan wà tó jẹ́ pé láti òdo dé fólítì 5 ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá fi iná LFO yẹn síbẹ̀, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ òdo á ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ dín in kù sí ìdajì: ó di 2.5 nísàlẹ̀ òdo dé 2.5 lókè. Ẹ wá fi fólítì 2.5 kún un: ó di òdo dé 5 géérégé. Iye tí kì í yí padà tí ẹ fi kún un yẹn ni wọ́n ń pè ní offset. Ẹ má ṣe yí ètò rẹ̀ padà o. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi 2.5 kún un kí ẹ tó dín in kù sí ìdajì, 1.25 nísàlẹ̀ òdo dé 3.75 lókè ni ẹ máa bá.

Inverter ní tirẹ̀ ń yí iná po: bó bá ń gòkè, á mú un sọ̀kalẹ̀. Ẹ lè fi iná kan ṣoṣo gbé ohùn oscillator ròkè, kí ẹ sì yí ẹ̀dà rẹ̀ po lọ sínú asẹ́, tí ohùn á fi máa rọ̀ bó ṣe ń ga sí i.

Kíbọ́ọ̀dù máa ń fò láti fólítì 1 sí 2 lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ onídùndún lè fún ọsán díẹ̀díẹ̀, kí ohùn yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lag processor ló ń kọ́ synthesizer ní èyí: kò ní jẹ́ kí iná fò, nọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà.

Sample and hold ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Nígbàkigbà tí aago rẹ̀ bá lù, á wo iye tí iná tó ń wọlé jẹ́ lásìkò náà, á dì í mú títí aago yóò fi tún lù. Bí iná tó ń wọlé bá jẹ́ èyí tí kò ní ètò, ohùn á máa fò kiri láìtẹ̀ lé orin kankan. Ibẹ̀ ni quantizer ti wúlò, nítorí ó ń ti iye kọ̀ọ̀kan sí ìgbésẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù: fólítì 1.37 á di 1.33, ohùn á sì wọ orin.

Ilé-iṣẹ́ Moog Music kó púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí sínú àpótí kékeré kan, CP-251: apopọ̀ tó ń da iná pọ̀, attenuator, lag processor, sample and hold àti LFO.

Kí ẹ tó so ẹ̀rọ méjì pọ̀, ẹ yẹ ìwọ̀n wọn wò. Don Buchla, tó ń ṣe synthesizer tirẹ̀ ní Kalifóníà, lo fólítì 1.2 fún dò kan sí èkejì; bí iná bá ń ti ẹ̀rọ tó ń lo ìwọ̀n Moog lọ sínú tirẹ̀, fífi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀ tó láti yanjú èyí. Synthesizer Korg MS-20 ti 1978 yàtọ̀ pátápátá: ìlọ́po ni tirẹ̀, fólítì 1, 2, 4, 8. Attenuator kò lè tún èyí ṣe. Ẹ̀rọ tó ń yí ìwọ̀n padà ni ẹ máa wá.

Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, attenuator ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì rà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fi nọ́ọ̀bù rẹ̀ sí òdo kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Etí yín ni yóò sọ ibi tí ẹ ó ti dúró.