Kí Ni Ó Ń Mú Àlejò Wá Sí Ọgbà Ẹranko?

Eré ọmọdé ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni a ó fi parí rẹ̀.

Eré kan wà tí àwọn ọmọ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Nínú eré náà, ẹni tí ó ń ṣe é ni ó ni ọgbà ẹranko. Wọn yóò fún un ní ilẹ̀ gbalasa àti owó díẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó kọ́ ibùgbé fún ẹranko, kí ó ra ẹranko sí i, kí ó gba òṣìṣẹ́, kí ó ṣí ẹnu-ọ̀nà fún àlejò, kí ó sì máa gba owó ìwọlé. Ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ ni Zoo Tycoon, tí ó jáde ní ọdún 2001. Òmíràn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni Planet Zoo, tí ó jáde ní ọdún 2019. Òbí tí ó bá bá ọmọ rẹ̀ nídìí eré yìí ní Àgbárá níbí lè rò pé àsìkò ni ọmọ náà ń fi ṣòfò. Bí ó bá ń fi ọgbọ́n ṣe é, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí eré náà ń bi í ni ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn tí ń tọ́jú ẹranko tòótọ́ ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Abẹ́òkúta: kí ni ó ń mú àlejò wá, kí ni yóò sì mú un padà wá lẹ́ẹ̀kejì?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà sábà máa ń ṣe. Yóò sáré ra kìnnìún, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò fẹ́ rí kìnnìún. Yóò fi ọgbà tóóró yí i ká, yóò sì jókòó de owó. Àlejò yóò wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú Zoo Tycoon, bí ibùgbé kò bá bá ẹranko lára mu, àmì ojú pupa tí ó fajú ro ni yóò hàn. Bí ó bá sì bá a mu, àmì ojú aláwọ̀ ewé tí ó ń rẹ́rìn-ín ni. Kìnnìún ń fẹ́ ilẹ̀ koríko bíi ti ọ̀dàn. Ó ń fẹ́ igi díẹ̀, àpáta àti ibòji. Bí kò bá rí wọn, inú rẹ̀ kò ní dùn. Bí inú ẹranko kò bá dùn, inú àlejò náà kò ní dùn, yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Báyìí ni ọmọ náà yóò ṣe mọ̀ pé ara ẹranko ni owó ọgbà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu-ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lójú ayé. Ẹkùn fẹ́ràn ibi gíga tí yóò gùn, tí yóò sì ti máa wo ìsàlẹ̀. Ẹkùn tí a bá há mọ́ orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kò rí igi gùn, lè máa rìn lọ, kí ó máa rìn bọ̀, lójú kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àlejò á rò pé ó ń ṣeré. Ẹni tí ó mọ ìwà ẹranko mọ̀ pé ìnira ni ó ń sọ. Etu ń fẹ́ igbó tí yóò sá pamọ́ sí. Ọ̀nì ń fẹ́ omi tí yóò rì sí àti bèbè tí yóò ti máa yáàrùn. Ọ̀bọ ń fẹ́ okùn, ẹ̀ka igi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò jọ máa yọ iná orí ara wọn. Òòrẹ̀ kì í jáde lọ́sàn-án bí kò bá nídìí. Òru ni ọjọ́ tirẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ìwà ẹranko là á wò kí a tó kọ́lé fún un.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà, Heini Hediger, ará Switzerland, tí ó ti ṣe ọ̀gá ọgbà ẹranko ní Bern, ní Basel àti ní Zurich. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹranko ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ibi tí ó lè jẹ́ kí ènìyàn súnmọ́ òun dé. Bí ènìyàn bá ré ìwọ̀n náà kọjá, ẹranko yóò sá. Bí kò bá ríbi sá sí, ó lè yíjú padà kí ó dojú ìjà kọni. Nítorí náà, ẹranko tí ó bá mọ̀ pé ibi ìsápamọ́ wà lẹ́yìn òun ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ láti jáde sí gbangba. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo ibi ìsápamọ́ kúrò kí àlejò lè ríran dáadáa, jìnnìjìnnì ẹranko ni yóò fi han àlejò.

Ṣùgbọ́n àlejò náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa ní, “Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin.” Ẹni tí ó sanwó kò fẹ́ fìrí. Báwo ni a ó ṣe ṣe é tí ẹranko yóò fi rí ibi sá sí, tí àlejò yóò sì tún rí i? Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a gbé ohun tí ẹranko fẹ́ràn sí ìtòsí ibi tí àlejò yóò dúró sí: àpáta tí oòrùn òwúrọ̀ ń pa, ibòji ọ̀sán, odò mímu. Ẹranko yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí àlejò yí i ká níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìhà kan tàbí méjì ti tó. Kí ògiri ibi ìwòran náà má sì ga ju ọmọdé lọ, nítorí ọmọdé ni ó sábà ń fa bàbá lọ́wọ́ wá sí ọgbà ẹranko.

Nígbà àtijọ́, àgò onírin ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ní ọdún 1907 ni Carl Hagenbeck, ará Jámánì, ṣí ọgbà kan ní Stellingen, lẹ́bàá Hamburg, tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Dípò irin, yàrà jíjìn ni ó gbẹ́ sí àárín ẹranko àti àlejò, lẹ́yìn tí ó ti dán an wò bí ẹranko ti lè fò tó. Àlejò dé, kò rí irin. Kìnnìún ni ó rí, lórí àpáta. Ọgbọ́n yàrà kò ṣàjèjì sí àwa náà. Àwọn baba wa fi ń dá ọ̀tá dúró lẹ́yìn odi ìlú, ẹni tí ó bá sì ti rí Eredò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò mọ bí yàrà ti ń jìn tó.

Ẹ má sì gbàgbé pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú eré orí kọ̀ǹpútà, ebi àlejò, òǹgbẹ rẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn nínú oòrùn ọ̀sán ń fẹ́ àga lábẹ́ igi, omi mímu, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó mọ́. Kí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀pà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò jìnnà sí ẹranko, nítorí ọ̀rá tí a sọ nù lè wọ inú etu, kí ó sì pa á. Kí kìnnìún má sì wà lẹ́nu géètì. Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí kìnnìún dà bí ọmọ tí ó ti jẹ ẹran tán kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí kìnnìún bá wà ní òpin ọ̀nà, àlejò yóò kọjá lọ́dọ̀ ìjàpá, òòrẹ̀ àti ojòlá, yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Ìbàdàn. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, gẹ́gẹ́ bí àkójọ ẹranko díẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko ń fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1974 ni ó di ọgbà ẹranko gidi. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, gòrílà méjì, Aruna àti Imade, di ìlú-mọ̀ọ́ká níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ẹranko tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ a máa wọ ènìyàn lọ́kàn. Nítorí náà, kí pátákó iwájú ibùgbé sọ ibi tí ẹranko ti wá, ohun tí ó ń jẹ, àti iye tí ó kù. Gòrílà tí ó kù ní àwọn òkè Cross River, ní ilẹ̀ wa àti ní ààlà Kamẹrúùnù, kò ju bí 300 lọ.

Ní Ìbàdàn kan náà, wọ́n dá ọgbà ẹranko àti igi Agodi sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ba ọgbà náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tí yóò kọ́ ibùgbé ẹranko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí omi ń gbà. Ènìyàn lè sá bí omi bá dé. Ẹranko tí a tì mọ́lé kò lè sá.

Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni a ó fi parí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún pa olùtọ́jú rẹ̀ ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń tọ́jú àwọn kìnnìún náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Wọ́n sì pa kìnnìún náà. Nínú eré, bí kìnnìún bá já jáde, ọmọ lè tẹ bọ́tìnnì kan kí ó bẹ̀rẹ̀ ọgbà mìíràn. Ní Ifẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí yóò dá olùtọ́jú padà fún ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Àgbárá, ẹ mọ̀ pé a kì í ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti pa á, tí a sì ti tì í pa. Bákan náà ni ibùgbé ẹranko apanijẹ gbọ́dọ̀ ní yàrá kejì tí a ó ti ẹranko mọ́ kí olùtọ́jú tó wọlé gbálẹ̀, àti ilẹ̀kùn méjì tí èkejì kì í ṣí títí a ó fi ti èkíní. Àlejò kì í rí ilẹ̀kùn yìí, kò sì ní yìn wá nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pépà àti pẹ́ńsù. Ẹ ya àwòrán ibùgbé fún ẹranko kan ṣoṣo tí ẹ bá yàn. Ẹ fi ibi tí yóò sùn hàn, ibi tí yóò sá pamọ́ sí, ibi tí àlejò yóò dúró sí, ọ̀nà tí omi òjò yóò gbà jáde, àti ilẹ̀kùn olùtọ́jú. Bí ọ̀kan bá kù nínú wọn, ẹ má tíì ra ẹranko. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọ òkò lu ẹranko tí ó ń sùn kí ó lè dìde ṣeré fún un. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, kí ó sì máa wò ó.