Jẹjẹrẹ Táírọ́ìdì Nínú Kókó Olómi Àbímọ́ni ti Iwájú Ọrùn

1.0 Ìfáárà

Kókó olómi kan wà tí ó máa ń yọ ní agbedeméjì iwájú ọrùn. Kì í sábà dunni, ó sì máa ń sún sókè bí ẹni tí ó ní in bá yọ ahọ́n síta tàbí tí ó bá gbé itọ́ mì. Nítorí pé láti inú oyún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí ewu. Lóòótọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò léwu. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 1 nínú 100 tí àwọn oníṣẹ́-abẹ bá gé, jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ṣe dé ibi tí kì í ṣe ojúkò táírọ́ìdì, àti ohun tí èyí já sí fún ìtọ́jú.

2.0 Orírun Kókó Náà

Táírọ́ìdì ni ẹ̀yà ara tí ó rí bí labalábá nísàlẹ̀ gògóńgò, tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Ìdí ahọ́n ni ó ti kọ́kọ́ ń hù, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá lẹ́bàá eegun háyọ́ìdì, títí yóò fi dé àyè rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí ó yẹ kí ó parẹ́ kí ọmọ tó dáyé. Bí apá kan ihò náà bá ṣẹ́kù, tí omi sì sun jọ sínú rẹ̀, ó di kókó. Ẹran táírọ́ìdì díẹ̀ lè kù sí ara ògiri kókó náà. Níbẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti lè ráyè.

3.0 Àríyànjiyàn Lórí Orísun Jẹjẹrẹ Náà

Èrò méjì ni ó wà. Èkíní ni pé inú kókó gan-an ni jẹjẹrẹ náà ti ṣẹ̀. Èkejì ni pé láti inú táírọ́ìdì ni ó ti tàn dé ibẹ̀. Papílárì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, irú kan náà tí ó wọ́pọ̀ jù nínú táírọ́ìdì. Ohun tí ó ti èrò kìíní lẹ́yìn ni pé ẹran táírọ́ìdì tí ó dá ṣáká máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ náà nínú ògiri kókó, tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ sì mọ́. Síbẹ̀, àwọn aláìsàn mìíràn wà tí jẹjẹrẹ wà ní ibi méjèèjì.

4.0 Ìtọ́jú

Ní 1920, Sistrunk, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé kí a gé kókó náà pẹ̀lú agbedeméjì eegun háyọ́ìdì àti ọ̀nà tí ó lọ sí ìdí ahọ́n, nítorí pé bí a bá gé kókó nìkan, ó sábà máa ń padà wá. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó tọ́ kí á fi ẹ̀rọ ayàwòrán wò ó bóyá táírọ́ìdì wà ní àyè rẹ̀, torí àwọn kan wà tí gbogbo táírọ́ìdì tí wọ́n ní kò ju inú kókó náà lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni àṣírí jẹjẹrẹ sábà máa ń tú, lábẹ́ maikirosikópù. Bí ó bá kéré, tí kò la ògiri kókó kọjá, tí táírọ́ìdì sì mọ́, iṣẹ́ abẹ Sistrunk lè tó. Bí ó bá ti tàn, tàbí tí kókó mìíràn bá wà nínú táírọ́ìdì, gígé táírọ́ìdì àti lílo áyódínì onítànṣán lè pọn dandan.

5.0 Ìkádìí

Bí ohun kan ṣe jẹ́ àbímọ́ni kò sọ ọ́ di aláìléwu. Kókó yòówù tí a bá gé ní ọrùn, ó yẹ kí ó dé abẹ́ maikirosikópù. Bí jẹjẹrẹ bá sì wà níbẹ̀, kí á yẹ táírọ́ìdì pàápàá wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.