Kẹ́ ẹ tó ta oko kòkó nítorí iṣẹ́ òkè òkun, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí

Ìrìnàjò kò ṣàjèjì sí ará Ọ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bẹ̀ní ni ìlú náà wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ báyìí, láti Ọ̀rẹ̀ dé Odígbó títí dé Àgọ́ Aláyè, ti kọjá Èkó àti Bẹ̀ní. Ìlú Ọba, Kánádà, Dubai àti Lebanon ni wọ́n ń dárúkọ. "Japa" ni wọ́n ń pè é.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún 2023 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ibi tí owó ìrìnàjò ti ń wá. Lágbègbè tó jẹ́ pé kòkó àti ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun, oko ni òbí máa ń tà, tàbí kó fi dógò. Bí wọ́n bá sì fi oko dógò, ẹni tó yá wọn lówó ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀ títí tí gbèsè yóò fi tán. Bí ìrìnàjò bá wá forí ṣánpọ́n, ọmọ ò níṣẹ́, bàbá ò lóko mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìdílé dáhùn ìbéèrè mẹ́rin kí wọ́n tó fọwọ́ kan oko.

Àkọ́kọ́, ta ló ń sanwó fún ta? Agbanisíṣẹ́ tòótọ́ kì í ta iṣẹ́. Ní Kánádà, agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ mú òṣìṣẹ́ wọlé lábẹ́ ètò LMIA ló sábà máa ń san 1,000 dọ́là ilẹ̀ náà fún ìjọba lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin kò sì gbà kó gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bákan náà, láti òpin ọdún 2024 ni òfin Ìlú Ọba ti kà á léèwọ̀ kí iléeṣẹ́ máa gba owó ìwé ìgbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní CoS lọ́wọ́ ẹni tó fi fisa Skilled Worker gbà síṣẹ́. Owó fisa àti owó ọkọ̀ òfurufú lè jẹ́ ti arìnrìnàjò. Àmọ́ bí aṣojú bá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wá kí CoS tó jáde, ẹ fura. Orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba fún láṣẹ láti mú òṣìṣẹ́ wá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkejì, ṣé ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀? Oṣù kejì ọdún 2022 ni Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà fún àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Lọ́jọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún ẹni tuntun tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín pé iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ fi mú ọmọ yín lọ, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ló ń tà fún yín.

Ìkẹta, ta ni aṣojú yìí, kí ló sì wà nínú ìwé àdéhùn? Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì bá iléeṣẹ́ ìjọba náà yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́, iye wákàtí, owó oṣù àti ibùgbé gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn. Ní Lebanon, ìwé ìgbélùú ọmọ ọ̀dọ̀ so mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala. Bó bá sá kúrò nílé ọ̀gá, ó di ẹni tí kò níwèé. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, ẹnì kan níbẹ̀ gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà sórí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là, kí wọ́n tó mú un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba páásípọ́ọ̀tù pa mọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín lọ búra nídìí òrìṣà kó tó lọ, òwò ẹrú nìyẹn. Ọba Ewuare Kejì ti Bẹ̀ní ti kéde lóṣù kẹta ọdún 2018 pé irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìkẹrin, ṣé ìṣirò yín péye? Ká sọ pé ẹ yá mílíọ̀nù méjì náírà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Èlé nìkan yóò máa jẹ́ 100,000 náírà lóṣooṣù. Bí ọmọ bá lo oṣù mẹ́fà kó tó rí owó fi ránṣẹ́, 600,000 náírà ti wọlé lọ, ojú owó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má kàn sọ owó oṣù òyìnbó di náírà kẹ́ ẹ sì máa yọ̀. Owó orí, owó ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí pé lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Iye náà ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta oko tirẹ̀ ṣáájú kò jẹ nínú rẹ̀ rárá.

Bí gbogbo ìdáhùn bá dára, kí ọmọ máa lọ, ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù, fisa àti ìwé àdéhùn sílẹ̀ nílé. Ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ rìnrìnàjò lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ètò STEP, kí ẹ́ḿbásì lè mọ ibi tó wà. Kí ọmọ tiwa náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì Nàìjíríà tó bá débẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fura pé ẹnì kan ń kó ọmọ lọ ṣẹrú, nọ́ńbà NAPTIP ni 627.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ìdílé tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ sókè òkun náà wo oko wọn dáadáa kí wọ́n tó tà á.