Ẹ wọn ọkọ̀ àfiṣelé kí ẹ tó san owó rẹ̀

Oníṣòwò tó bá fẹ́ ra ògbólógbòó ọkọ̀ àfiṣelé, èyí tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, láti máa fi ta oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ gbára lé ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá nìkan. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lè ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sórí rẹ̀.

Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ na pákó gbọọrọ lé ibi tó ga jù, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ dé ibi tó yọ jù lẹ́yìn, kí ẹ sì ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ìbú.

Bí gíga rẹ̀ bá ju mítà 3 lọ, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí awakọ̀ yóò ti máa rí i. Ẹni tó bá ṣì í wọ̀n lè fi òrùlé rọ́ lu afárá, kí èrè ọdún kan bá a lọ.