Àìtètè Jí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì ní Òwúrọ̀: Bí a Ṣe Lè Mọ Orísun Rẹ̀

Ìfáárà

"Ṣáná" ni ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò fún pípe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ tí ó ń lo bẹntiróòlù mu régí, nítorí pé púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó fún ọkọ̀ tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, àfiwé lásán ni, nítorí kò sí ohun tí ó ń ṣáná níbẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àìmọ ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tí ó ń mú kí ọlọ́kọ̀ náwó síbi tí kò yẹ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tètè jí ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àrùn tí ó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun méjì: ǹjẹ́ epo dé ibi tí ó yẹ kí ó dé? Ǹjẹ́ ooru tí yóò jó o pé?

Bí iná ṣe ń wáyé láìṣáná

Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, Rudolf Diesel, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1893. Ní ọdún 1897 ni èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń fà sínú. Písítìnnì á wá fún un pọ̀ títí àyè tí ó gbà yóò fi kù sí ìdá kan nínú 15, nígbà mìíràn ìdá kan nínú 22. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Ohun kan náà ni, àfi pé ooru ti inú ẹ́ńjìnnì ń kọjá 500°C. Inú ooru yìí ni nọ́sù ń tú epo sí, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, irin ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń fa ooru afẹ́fẹ́ náà mọ́ra. Bí sítáátà bá ń yí i jẹ́jẹ́, ooru á ráyè sá lọ, afẹ́fẹ́ pàápàá á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì jò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi hítà sínú ẹ́ńjìnnì bíi ti Peugeot 504 onídísẹ́ẹ̀lì àti Mercedes-Benz 200D àtijọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí iná bátìrì ń mú pọ́n kí awakọ̀ tó yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kò ní in rárá.

Àwọn kan gbà pé ọyẹ́ ni ó ń mú dísẹ́ẹ̀lì dì. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní Kánádà tàbí Jámánì nígbà òtútù, níbi tí ọ̀rá inú epo a máa dì, tí a sì máa dí fíltà. Ọyẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá kọ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ti ní àléébù lára tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Èéfín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Kí a tó tú ohunkóhun, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹlòmíràn dúró ti ẹnu ọ̀pá èéfín. Bí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé inú sílíńdà. Bí èéfín funfun bá ń rú, tí ó ń ta ojú, tí ó sì ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó, epo ń débẹ̀, ooru ni kò tó. Ó ya ni lẹ́nu bí àwọn mẹkáníìkì kan ṣe ń sáré tú pọ́ǹpù nígbà tí èéfín funfun ti jẹ́rìí fún wọn pé epo ń dé.

Níbi tí èéfín kò bá sí, afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú ọ̀nà epo ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Wásà tí ó ti gbó tàbí rọ́bà tí ó ti sán lè jẹ́ kí epo padà sínú táǹkì lóru. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó ń wọlé kì í dí i lọ́wọ́, nítorí náà kò ní sí àmì kankan títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí a tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tí ó wà lórí fíltà títí yóò fi le, kí a tó yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ti rí ẹ̀rí. Rọ́bà tí ó mọ́ gaara, tí a fi rọ́pò ti ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò jẹ́ kí a fojú rí ìfóòfó náà. Wásà kan péré lè jẹ́ gbogbo ìwòsàn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èéfín funfun, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ wò. Èyí tí ó pé yóò ní nǹkan bíi fólítì 12.6 nígbà tí ó bá sinmi. Bí ó bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi 9.6 lọ nígbà tí sítáátà ń yí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí a má sì gbàgbé wáyà tí ó so ó mọ́ ara ọkọ̀: bí ẹnu rẹ̀ bá dógùn-ún, bátìrì tuntun kò ní ran ọkọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni hítà. Kí a tú wáyà tí ó so wọ́n pọ̀, kí a so ẹsẹ̀ kan gílóòbù kékeré mọ́ orí rere bátìrì, kí a fi ẹsẹ̀ kejì kan orí hítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù kò bá tàn fún ti kú. Ọkọ̀ tí hítà rẹ̀ kan kú a máa jí, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dúró ire.

Ewu bẹntiróòlù

Àwọn mìíràn a máa fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú bẹntiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ lè jí. Ṣùgbọ́n epo yìí lè gbiná kí písítìnnì tó dé òkè, kí ó sì fọ́ ọ tàbí kí ó ṣẹ́ ríìngì. Bí hítà bá sì ń pọ́n lọ́wọ́, iná lè bú jáde sí ojú ẹni tí ó dúró níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a bá ń fún ní oúnjẹ yìí lójoojúmọ́ yóò di èyí tí ó nílò àtúnṣe gidi.

Àtúnṣe gidi yìí, ìyẹn títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn. Kí a kọ́kọ́ ṣí ìdérí ojú òróró nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, ríìngì ti jẹ. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ọkọ̀ ń jí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ó bá gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ a máa yọnu ní òwúrọ̀, a sì máa rọrùn ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pọ́ǹpù epo ni ó ti jẹ, ọ̀sán gan-an ni wàhálà rẹ̀ sábà máa ń pọ̀, nítorí epo gbígbóná a máa ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gba inú rẹ̀ jò.